Egungun Máa Ń Ro Ó

Màmá, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìwé yìí, kí àbíkẹ́yìn yín náà sì jókòó tì yín. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á lé e bá. Tèmi ò tíì pé ogún, ọdún mọ́kànlá ni. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òkúta ti wà nínú àpò òróòro ọmọ yẹn báyìí, bó ṣe wà nínú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti pé ẹ kọ̀ láti fọwọ́ síwèé iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ní ẹ sọ pé, "Ẹnu mi ló pa àkọ́kọ́, mi ò ní fi pa èkejì." Kì í ṣe ẹnu yín, Màmá. Èmi tí mo fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóògùn oorun lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ tirẹ̀ ni.

Ẹ rántí àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo mú bírò, mo bi yín bóyá ọmọ ní àìsàn kankan tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà ló wà ní wọ́ọ̀dù, gbogbo àwọn tó wà lórí wọn ló la etí sílẹ̀. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ ní, "Egungun máa ń ro ó, ọmọ mi. Láti kékeré ni." Ó yé mi yékéyéké. Bí ìyá tèmi náà ṣe máa ń wí nìyẹn bí aládùúgbò bá béèrè ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ò jẹ́ kó gbádùn. Mo kọ orúkọ àrùn náà gàdàgbà sínú fáìlì, mo fa ìlà sí i nídìí. Ẹ tún ní, "Ẹ jọ̀ọ́, òtútù ò gbọdọ̀ mú un, òùngbẹ ò gbọdọ̀ gbẹ ẹ́." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?"

Bí omi bá gbẹ lára ẹni tó ní àrùn yẹn, tàbí tí òtútù mú un, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á há sínú iṣan. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Láti alẹ́ ni ọmọ yín kò ti jẹ tí kò mu. Ó yẹ kí n ti fa omi sí i lára láti ìdájí. Wọ́n sún iṣẹ́ wa síwájú lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì bi mí nípa omi náà, mo ní kó fi sílẹ̀, kò ní pẹ́ mọ́. Aago méjì ọ̀sán la tó wọ tíátà. Ooru ń mú dókítà oníṣẹ́ abẹ, a bá tan ẹ̀rọ amúlétutù sókè. Kúbùsù tó yẹ kí n fi bo ọmọ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì, mo sì ṣe ìmẹ́lẹ́ láti wá kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó jí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, òtútù ń mú mi." Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Tíátà kì í ṣe ilé ìdáná, àbúrò." Lọ́jọ́ kẹta, àyà há a, kò lè mí mọ́, ó sì lọ.

Màmá, ìyẹn kọ́ ló burú jù. Kí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn tó pè wá rojọ́, ọ̀gá nọ́ọ̀sì tíátà bá mi ní kọ́rídọ̀, ó ní, "Fa ojú ìwé tí o kọ orúkọ àrùn náà sí ya. Ẹni tó kú ti kú." Mo fà á ya. Mo kọ òmíràn, mo fi ọ̀rọ̀ ẹnu yín gan-an sí i: egungun máa ń ro ó. Mo wá dìde níwájú yín, èmi tí a bí sílé alárùn náà, mo ní, "Ta ni egungun kì í ro? Ìyá ò sọ fún wa." Ọ̀gá àgbà yíjú sí yín: "Màmá, ẹ bá ti là á mọ́lẹ̀." Ẹ wò mí. Ẹ ní, "Mo rò pé ó gbọ́ mi ni."

Ojú ìwé tí mo fà ya nìyí, mo ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Mo fún ọ̀gá àgbà ní ẹ̀dà ìwé yìí láàárọ̀, kí wọ́n fi mí ṣe ohun tó bá yẹ. Mo lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti ń pààrọ̀ aṣọ, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìyá aláìsàn kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ fọwọ́ síwèé náà, Màmá. Èmi ò ní sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àrùn kan náà ló wà lára àbíkẹ́yìn yín, torí náà ẹ bi wọ́n: ṣé ẹ máa fa omi sí i lára láti ìgbà tí ẹ bá ti ní kó má jẹ, kó má mu? Ṣé ẹ ti wá ẹ̀jẹ̀ tó bá tirẹ̀ mu sílẹ̀? Kúbùsù dà? Ẹni tó bá fi rẹ́rìn-ín, ẹ gbé ọmọ yín kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdáríjì tèmi lè dúró. Ẹ kọ́kọ́ dárí ji ẹnu yín. Ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn, Màmá. Mo gbọ́ yín.