Òdo Tí Mo Yọ Kúrò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ sínú ìwé yìí kí ọjọ́ mi tó pé. Èmi ìyá àgbà aláwàdà yìí, tí wọ́n ń gbé ìdí rẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi jẹun, òun náà ni mo fi ba ayé ẹnì kan jẹ́. A fẹ́ máa fi àkọsílẹ̀ aláìsàn ránṣẹ́ láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n íńtánẹ́ẹ̀tì ń fà, àkọsílẹ̀ ọlọ́rọ̀ gbọọrọ sì tóbi bí ìdí mi. Ọ̀gá ní kí èmi àti Tẹ́ẹ́rẹ́, àbúrò wa níbi iṣẹ́, di àkọsílẹ̀ kan náà bí ẹrù kó lè kéré, kálukú lọ́nà tirẹ̀; tẹni tó bá kéré jù ni wọn ó lò. Àwa méjèèjì sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, ẹrù wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyẹn dùn mí. Mo bá yọ gbogbo òdo kúrò nínú tèmi, ẹrù mi sì fọn bí ẹni àárẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ pariwo: “Ẹ̀gbọ́n, òdo náà ń sọ̀rọ̀ o! Níbi oògùn, òdo ni ‘ẹ má fún un’. Bí kò bá dé, àyè ibẹ̀ á ṣófo, dókítà á rò pé kò séwu.” Mo ní, “Gbẹ́nu dákẹ́, ìlara ló ń ṣe ọ́.” Wọ́n mú tèmi. Tẹ́ẹ́rẹ́ bínú fiṣẹ́ sílẹ̀. Kò pẹ́, obìnrin kan kú. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ti tẹ òdo sí abẹ́rẹ́ tí ara obìnrin náà kọ̀. Ní ilé ìwòsàn kejì, àyè ṣófo, wọ́n gún un. Kí àwọn ọ̀gá tó pè mí wá wí tẹnu mi, mo ti dá òdo padà sínú iṣẹ́ mi, mo ti nu ti àtijọ́ nù, àti òdo tí nọ́ọ̀sì tẹ̀. Mo ní, “Nọ́ọ̀sì ò tẹ nǹkan kan.” Ó ń sunkún: “Mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin ọ̀gá! Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tẹ̀ ẹ́!” Wọ́n lé e, kò sì rí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe mọ́. Ẹ má tíì ṣépè, ó kù. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi kọ iṣẹ́, mo wá nọ́ọ̀sì náà kàn, mo gbà á síṣẹ́ kó máa tọ́jú mi, mo pè é ní àánú. Ọwọ́ kan náà ló ń nu ìdí mi. Mo máa ń pa á lẹ́rìn-ín kó má baà ráyè sọ ọ̀rọ̀ òdo náà. Ṣùgbọ́n lánàá, bó ṣe ń fi ọṣẹ sí mi lẹ́yìn, ó ní, “Màmá, bóyá lóòótọ́ ni n ò tẹ̀ ẹ́.” Mo rẹ́rìn-ín! Èmi aláìlójútì, mo rẹ́rìn-ín! Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí ẹrù yín tóbi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo ń gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ bọ̀. Kó tó gbé bàsíà sílẹ̀, màá na ìwé yìí sí i. Nọ́ọ̀sì mi, o tẹ̀ ẹ́. O tẹ̀ ẹ́.