Èékánná Sátánì Lára Òpó Ilé Sichel

Ikú ti dé ẹnu ọ̀nà mi, ẹ̀yin ará Hallenbrunn, mi ò sì ní gbé irọ́ yìí wọ sàréè. Ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ èyí tí ẹ kì í fẹ́ gbọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ ihò gbọọrọ tó wà lára òpó ilẹ̀kùn ilé wa tẹ́lẹ̀. Èmi Ottmar Kessler, tí mò ń mú àlejò yí ìlú ká, èmi ni mo sọ fún ayé pé Sátánì ló fi èékánná ya á lọ́jọ́ tó wá gbé oníbúrẹ́dì tó ń rẹ́ni jẹ. Irọ́ gbuu ni. Júù làwọn Sichel tó ni ilé náà. Ibẹ̀ ni wọ́n kan àpótí tín-ín-rín kan mọ́, tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ìlú lé wọn lọ, bàbá mi gba ilé wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì fi òòlù tú àpótí náà dànù lójú mi, ojú ibi tó ti ya kúrò ló di ihò yẹn. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Ṣùgbọ́n mo ti hu irun funfun kí n tó hun ìtàn Sátánì, ta ni mo fẹ́ tàn?

Gundel tó ni ilé ọtí mọ̀. Ó ní, "Ottmar, panu mọ́ jàre. Sátánì ń bá wa ta bíà. Ta ló fẹ́ gbọ́ ti Júù nídìí ọtí?" Mo sì bá a rẹ́rìn-ín, ojú ò tì mí.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan láàárín àwọn àlejò mi fi ìka sínú ihò náà. Ó ní, "Bàbá, kí ni wọ́n ń pe èyí?"

"Èékánná Sátánì ni, ìyáàfin. Ẹ tètè yọwọ́, kó má baà gbé yín lọ."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá mi sọ pé ibí lòun máa ń fọwọ́ kàn kóun tó lọ síléèwé. Erich Sichel lorúkọ wọn. Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?"

Erich tí a jọ ń jí ápù ká. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n rí.

Ó ní Doris lorúkọ òun, Ajẹntínà lòun ti wá, òun á padà wá yà á ní fọ́tò lọ́jọ́ kejì. Bó ṣe kẹ́yìn sí mi, èmi ẹni ibi yìí po gúlù mọ́ eruku pákó, mo dí ihò náà, mo kùn ún lọ́dà. Nígbà tó dé, ó ń fọwọ́ wá a lókè wá a nísàlẹ̀. Ó ní, "Ibí yìí náà ló wà lánàá."

Mo ní, "Bóyá ilé mìíràn ni, ìyáàfin."

Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú, òun ti yọ mí lẹ́nu.

Gundel, má wò mí bẹ́ẹ̀. Mi ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ ò ní in. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gba iṣẹ́ mi, ẹ ha gúlù yẹn kúrò, kí ẹ wá Doris Sichel kàn ní Ajẹntínà, kí ẹ sọ fún un pé ilé yẹn náà ni.