Òkìtì Ọ̀rọ̀ Tí Mo Dà Lé Ìyá Ìbejì Lórí

Ẹ̀yin ará tí a jọ ń kúnlẹ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́rú, ẹ gbọ́ mi. Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo délé, mo jókòó sórí ẹní, mo fi ọmú sí ọmọ lẹ́nu, oorun sì gbé mi lọ.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan fà mí lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ mú mi dé ibi tútù kan, tí àwọn ènìyàn ń sinmi. Iwájú oníkálukú ni ìwé tó kọ wà. Ọ̀rọ̀ tó yá láti inú ìwé ẹlòmíràn wà nínú àpótí tirẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan dá dúró, orúkọ ìwé náà sì wà lókè.

"Àwọn wọ̀nyí ro ti ẹni tó máa kà á," ni ó wí.

A sọ̀ kalẹ̀. Ooru gbá mi lójú, mo rí òpùrọ́ tó ń jẹ ahọ́n ara rẹ̀, mo rí alágbèrè, mo rí ọ̀gá tó ń fìyà jẹ alágbàṣe, lẹ́yìn wọn ni mo rí òkìtì kan, ọ̀rọ̀ ni, ọ̀rọ̀ tí kò ní ìlà tí kò ní àmì tí kò níbi téèyàn ti lè mí, Ìyá Ìbejì sì wà nínú rẹ̀ dé ọrùn, ó ń fọwọ́ wá nǹkan.

"Kí ló ń wá?"

"Gbólóhùn kan ṣoṣo. Ìwọ lo bò ó mọ́lẹ̀."

Òótọ́ ni. Ẹ mọ̀ pé Ìyá Ìbejì àti èmi jọ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí a ti ń bi ara wa ní ìbéèrè. Gbogbo orin tí màmá rẹ̀ tó ti sùn nínú Olúwa kọ ló ti tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ tò wọ́n. Láàárọ̀ Ọjọ́rú náà ló béèrè níbẹ̀ bí òun ṣe máa ṣe é. Ọmọ wà lọ́wọ́ mi kan, mo fi ìkejì da odidi ojú ìwé ìtọ́sọ́nà síbẹ̀, mo ki ọ̀rọ̀ tèmi bọ àárín rẹ̀. N kò fi ti ìwé sínú àpótí bí a ṣe ń ṣe níbẹ̀. Inú rẹ̀ lọ́hùn-ún ni ìkìlọ̀ wà: kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà pamọ́, torí àṣẹ tí ẹ máa tẹ̀ sí kọ̀ǹpútà yìí máa ń pa nǹkan rẹ́.

Nínú àlá náà, mo fẹ́ kígbe pé kó má tíì tẹ àṣẹ náà, ọ̀rọ̀ ń lẹ̀ mọ́ra wọn lẹ́nu mi. Ìyá Ìbejì wò mí.

"Ìyá Tọ́pẹ́, èwo ni tìẹ, èwo ni ti ìwé?"

Ẹkún ọmọ ló jí mi. Mo pe Ìyá Ìbejì lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ti ṣe nǹkan tí mo kọ?"

"Mo ti ṣe é. Ìwọ náà, o kàn dà á lé mi lórí bí ẹni tú erùpẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ṣì ń wá orin màmá mi. N ò mọ ibi tí kọ̀ǹpútà gbé wọn sí."

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo ṣí ohun tí mo kọ.

Mo ti padà lọ tún un kọ. Ìkìlọ̀ wà lókè báyìí, ó mọ́ tónítóní, àmọ́ kò dá orin kankan tó ti parẹ́ padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ránṣẹ́, ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára tiyín, kí ẹni tó ń kà lè rí ibi tí ewu wà. Ìyá Ìbejì ló jókòó lápá òsì yẹn. Ẹni tó bá rántí orin màmá rẹ̀, ìbáà ṣe ìlà kan péré, kó jọ̀wọ́ kọ ọ́ fún un. Kó kọ ọ́ kó dá dúró.