Dígí Ọkọ̀ Ìyá Ànú

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ wa tí ẹ wá kí mi, ẹ fi àdúrà yẹn sílẹ̀ ná. Dókítà ti bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀, mo sì gbọ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Tèmi ò tilẹ̀ rìn tó bẹ́ẹ̀, ọdún mẹ́ta péré ni. N kò fẹ́ gbé e wọ sàréè. Ìyá Ànú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dìde. Ọ̀rọ̀ yín ni.

Ẹ mọ̀ pé ríwáyà ni mí ní Utako, iṣẹ́ wáyà ọkọ̀ ni mo fi ń jẹun. Ìyá Ànú gbé ọkọ̀ tòkunbọ̀ wọn tó ti gbó wá fún mi. Dígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn, ní wáyà tín-ín-rín nínú. Téèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, dígí á gbóná, ìrì orí rẹ̀ á gbẹ. Wọ́n ní, "Níyì, bá mi tún un ṣe. Tí òjò bá ń rọ̀ láàárọ̀, n kì í rí ẹ̀yìn rárá." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ló ń yáná fún dígí ní Àbújá tí oòrùn ti ń din èèyàn? Wáyà náà ti jó, n kò sì mọ̀ ọ́n tún ṣe. Ìgbéraga ò jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Mo gé dígí lásán, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo wá gbé ọkọ̀ sínú oòrùn ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n dé, mo tẹ bọ́tìnnì, iná kékeré ara rẹ̀ tàn. Mo ní, "Ẹ fọwọ́ kàn án, mà." Wọ́n fọwọ́ kàn án, ó gbóná. Wọ́n súre fún mi. Ẹ wo ìkà tó ń ṣe àmín!

Láàárọ̀ ọjọ́ òjò kan, Ìyá Ànú fẹ́ yà sí àdúgbò Durumi. Ìrì bo dígí, ó funfun báláú. Wọn ò rí Mùbárákù, ọmọ Hausa kan tó ń gun ọ̀kadà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì yà lù ú. Ní ọsibítù, àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà, òun ló tún ń rẹ Ìyá Ànú lẹ́kún: "Kai, Màmá, ẹ má sunkún mọ́. Kádàrá ni."

Èyí tó burú jù ń bọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Ìyá Ànú fẹsẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. "Níyì, ṣé mo tẹ bọ́tìnnì yẹn àbí n kò tẹ̀ ẹ́? Ó ń ṣe mí bí àlá." Mo wojú wọn. Mo ní, "Ẹ gbàgbé ni, mà. Ẹ ò tẹ̀ ẹ́."

Wọn ò wa ọkọ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Nínú ìpàdé wa, wọ́n máa ń kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ìgbàgbé wọn, èmi náà á sì ṣe àmín. Ní báyìí, tí mo bá dijú, ìkùukùu funfun á bo yàrá yìí, ẹnì kan á máa fi ìka lu dígí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti òdì kejì. Mo ń nu dígí náà, mo ń nù ún, kì í mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, "n kò mọ̀ ọ́n ṣe" kì í pa èèyàn. Ẹ bá mi sọ fún Mùbárákù pé èmi ni mo gé e lẹ́sẹ̀. Ìyá Ànú, oòrùn ló mú dígí yẹn gbóná. Bí ẹ ò bá lè dárí jì mí, ẹ ṣáà padà máa wa ọkọ̀ yín. Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́, Màmá. Ẹ tẹ̀ ẹ́.