Ìlà Kan Tí Sàláwù Pa Rẹ́

Òtítọ́ tó bá pẹ́ nínú èèyàn kì í kú, ó kàn ń jẹ ẹni tó gbé e mì ni. Sàláwù gbìyànjú títí láti sin ọ̀rọ̀ yìí. Ó gbààwẹ̀ lé e, ó ṣe sàráà lé e, ó tilẹ̀ kó kúrò ní Agége lọ sí Ọgbà nítorí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà bá a kó ẹrù ni. Ní ọdún 1998, jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun dá a dùbúlẹ̀. Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń borí ariwo ẹ̀rọ wá di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó wá rí i pé ohùn tó kù fún òun kò pọ̀ mọ́, bí òun kò bá sì tètè fi í sọ òtítọ́, a jẹ́ pé òun yóò gbé irọ́ wọ sàréè nìyẹn. Ó ní kí Sùlíyá, ìyàwó rẹ̀, ránṣẹ́ pe èèyàn méjì wá: Olúṣínà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ń ṣọ́ géètì ní Ìlúpéjú, àti Moyọ̀sọ́lá, tó ti jẹ́ ìyàwó Olúṣínà rí, tó ti padà sílé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Sùlíyá ní, "Àwọn méjèèjì kì í jókòó pọ̀ mọ́ o, ẹ̀yin náà mọ̀." Ó ní, "Mo mọ̀. Èmi ni mo fà á." Sùlíyá lọ ránṣẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ni wọ́n dé. Olúṣínà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, Moyọ̀sọ́lá jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ó fi awò dúdú bo ojú òsì tó ti fọ́. Wọ́n kí ara wọn bí àjèjì ṣe ń kí àjèjì. Sàláwù ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó dá mi lóhùn. Tí mo bá dúró láàárín ọ̀nà, ojo inú mi á tún ṣẹ́gun." Ó gbé omi mì díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé èèyàn, ó yẹ ká mọ irú ẹni tí Sàláwù jẹ́ nígbà náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń gbẹ́ irin fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá ti kọ àṣẹ fún un. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni àṣẹ ọ̀hún, ìlà lórí ìlà: lọ síbí, sọ̀ kalẹ̀ tó báyìí, gé e, gòkè. Sàláwù nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ. Pẹ́ńsùlù àti ìwé ẹsásáìsì, ó tán. Á di ojú, á fi ìka ya irin náà sínú afẹ́fẹ́, á sì kọ ìlà tó kàn. Nígbà tí SAP, ètò ìjọba láti tún ọrọ̀ ajé tò, dé, tí wọ́n ń fún àwọn èèyàn níwèé ìdádúró lẹ́nu géètì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan Sàláwù. Ta ni ì bá máa bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀? Ohun tó mọ̀ yìí ló ń bọ́ ilé rẹ̀, òun sì ni ọlá rẹ̀. Ká má purọ́, òun náà ni ìgbéraga rẹ̀.

Olúṣínà kéré sí i ní ọdún mẹ́wàá. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ń ya àwòrán irinṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú. Iṣẹ́ àárọ̀ kò tó àwọn méjèèjì. Wọ́n kó mọ́tò jọ lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti kú, wọ́n kó àlòkù irin jọ, wọ́n sì fi ọdún méjì kan ẹ̀rọ kékeré tiwọn sábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé Sàláwù ní Agége. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Wọ́n kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Ní gbogbo Sátidé, àwọn fítà àti àwọn tó ń fi ẹ̀rọ léèdì gbẹ́ irin máa ń wá jókòó sórí búlọ́ọ̀kù níbẹ̀, wọn a máa wòran, wọn a máa jiyàn. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ẹni tó kọ àṣẹ kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ àfi tí ẹlòmíràn bá ti ka gbogbo ìlà rẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì ti dán an wò nínú afẹ́fẹ́, láìfi irin sí i, kí wọ́n fojú rí bí bíìtì, irin ẹnu ẹ̀rọ tó ń gé nǹkan, ṣe ń rìn. Ẹni tó kà á ni yóò fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sára ẹ̀rọ. Ẹni tó bá ti rí ṣọ́ọ̀kì yẹn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Àfi ìgbà tí Olúṣínà gbé kọ̀ǹpútà àlòkù kan dé, tí ètò ìyàwòrán wà nínú rẹ̀. Èèyàn á ya nǹkan tó fẹ́ sójú rẹ̀, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á sì kọ gbogbo àṣẹ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó, ìṣẹ́jú márùn-ún péré." Sàláwù rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣínà, ẹni tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀, ṣé ó lè mọ ohun tó sọ?" Ọ̀rọ̀ gidi ni, ẹnikẹ́ni kò lè bá a wí lórí èyí. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ló wà nídìí rẹ̀. Bí ọmọdé bá lè ya àwòrán kí ẹ̀rọ sì gbọ́, kí ni wọ́n tún ń fi Sàláwù ṣe ní Ìkẹjà?

Télọ̀ ni Moyọ̀sọ́lá. Lọ́dún 1993, jíà kékeré kan, irin eléyín tó ń yí, kán nínú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, owó tuntun rẹ̀ sì ti di ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ dárúkọ. Olúgbénró, ọkùnrin Dópẹ̀mú kan tí kì í pa ẹnu mọ́, ló dá a lábàá pé, "Kí àwọn méjèèjì gbẹ́ ẹ, jàre. Ká mọ èyí tó dáa jù, ọwọ́ ni àbí kọ̀ǹpútà." Ọjọ́ mẹ́rin ni Sàláwù fi kọ tirẹ̀. Olúṣínà ya tirẹ̀ láàárín wákàtí kan. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, àwọn méjì péré ló wà lábẹ́ páànù. Sàláwù ka gbogbo ìlà tí kọ̀ǹpútà kọ, ó ń wá àṣìṣe, kò rí. Wọ́n dán an wò nínú afẹ́fẹ́, bíìtì náà ń lọ geere, ó ń gòkè níbi tó yẹ kó gòkè, ó ń sọ̀ níbi tó yẹ kó sọ̀. Sàláwù fi ṣọ́ọ̀kì fàlà, Olúṣínà dúpẹ́, ó lọ sílé.

Sàláwù wí fún wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "Lẹ́yìn tí o lọ, Ṣínà, mo jókòó tì kọ̀ǹpútà náà. Ó dùn mí pé ó dáa. Ká ní àṣìṣe wà níbẹ̀ ni, ǹ bá ti tún un ṣe fún ọ pẹ̀lú ìdùnnú. Mo wá ìlà kan, G0 Z20, èyí tó ní kí bíìtì gòkè ogún mìlímítà kó tó kọjá lórí irin tó di iṣẹ́ mú. Mo pa á rẹ́. Mo fi ṣọ́ọ̀kì mi sílẹ̀ bó ṣe wà." Ó ní òun kò rò ju kí bíìtì kán lójú gbogbo èèyàn lọ, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí Olúṣínà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ. Olúṣínà ti dìde dúró nígbà yẹn. Sàláwù bẹ̀ ẹ́ pé, "Jókòó, Ṣínà. Èyí tó burú kò tíì dé."

Ní Sátidé ọjọ́ kejì, lọ́dún 1993 yẹn, wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ ti Sàláwù, ó dáa, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ó kan ti Olúṣínà. Moyọ̀sọ́lá ti dé láti wá gba jíà rẹ̀, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú kó lè rí i dáadáa. Sàláwù mọ ìṣẹ́jú tí bíìtì yóò lọ kọ lu irin. Ó ń kà á lọ́kàn, ìlà lórí ìlà, torí ó ti mọ àṣẹ náà sórí. "Mo rí ọ, Moyọ̀sọ́lá. Mo rí i pé o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ya ẹnu láti ní kí o sún sẹ́yìn. Mo wá rò ó pé wọ́n á bi mí báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo pa ẹnu mi dé." Bíìtì kán, ègé rẹ̀ sì wọ ojú òsì obìnrin náà. Ẹ̀jẹ̀ bo téèpù. Sàláwù náà wà lára àwọn tó gbé e dé ọsibítù, ó ń ké ju gbogbo wọn lọ. Ẹ ò rí ayé!

Ní ọsibítù, Olúṣínà ń sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣáá: "A dán an wò. Mo fojú mi rí i tó gòkè." Ẹnikẹ́ni kò kọ́kọ́ bá a jiyàn. Lọ́jọ́ kẹta, Moyọ̀sọ́lá pe Sàláwù sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, bàbá rẹ̀ àti Olúgbénró àti ọkọ rẹ̀ dúró síbẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni mo gbà gbọ́. Ṣé ọkọ mi dán an wò lóòótọ́?" Bí Sàláwù bá ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á béèrè ẹni tó fọwọ́ kan àṣẹ náà láàárín Jímọ̀ sí Sátidé. Ó ní, "Rárá o. Mo sọ fún un pé ká dán an wò, ó ní kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe." Ó ní òun fi ṣọ́ọ̀kì fàlà torí pé Olúṣínà bẹ òun.

Irọ́ yẹn ló tú ilé wọn ká. Moyọ̀sọ́lá ní òun lè bá ẹni tó fọ́ òun lójú gbé, torí kò sí ẹni tí kì í ṣàṣìṣe, àmọ́ òun kò lè bá ẹni tó ń wojú òun purọ́ gbé. Bàbá rẹ̀ mú un lọ. Olúṣínà tún sọ fún ọdún kan gbáko pé òun rí i tó gòkè. Nígbà tó yá, ó ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ bóyá òun lá a lálàá ni. Ẹni tí kò bá gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́ kò lè ya àwòrán irinṣẹ́. Ó kúrò nídìí àwòrán, ó lọ ń ṣọ́ géètì. Sàláwù mọ gbogbo èyí. Ó ń bá a pàdé lọ́nà, á máa ní, "Ṣínà, fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

Nígbà tó sọ ọ́ tán, Moyọ̀sọ́lá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ojú mi, mo fi jì yín. Èyí tí ẹ ṣe fún Ṣínà, kì í ṣe tèmi láti fi jì." Olúṣínà kò wo Sàláwù. Ojú Moyọ̀sọ́lá ló ń wò. Ó ní, "Ó gòkè lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn." Moyọ̀sọ́lá ní, "Mo ti gbọ́." Obìnrin náà bú sẹ́kún, àmọ́ kò kúrò níbi tó jókòó sí.

Sàláwù na ọwọ́, ó ń tọrọ ìdáríjì. Olúṣínà ní, "Níwájú àwọn èèyàn lẹ ti sọ mí di òpùrọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ lọ sọ ọ́ níwájú wọn." Ẹ sì wo ọmọ aráyé: ẹni tí ikú ti dúró tì, ó ṣì ń ro orúkọ rẹ̀. Sàláwù ní, "Ṣé kò tó bí mo ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀yin méjèèjì?" Sùlíyá, tó ti dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn látìgbà yìí wá, wọlé. Ó ní, "Kò tó. Mo máa pè wọ́n."

Lọ́jọ́ kejì, Sátidé, Olúgbénró àti àwọn yòókù kún yàrá náà. Ohùn Sàláwù ti lọ tán. Sùlíyá fi etí sẹ́nu ọkọ rẹ̀, ó ń gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: "Ó ní òun ló pa ìlà náà rẹ́. Ó ní Olúṣínà dán an wò." Nígbà tó dé ibi tí ọkọ rẹ̀ ti rí obìnrin tó ń bẹ̀rẹ̀ tí ó sì pa ẹnu dé, ó nu ojú, ó sọ ọ́ tán. Olúgbénró béèrè pé, "Ìyá, ṣé òun ló ń sọ ọ́ báyìí, àbí wọ́n kọ́ yín?" Sàláwù gbé ọwọ́ sókè, ó fi lu àyà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Olúgbénró yíjú sí Olúṣínà, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí.

Sàláwù tún na ọwọ́ sí Olúṣínà. Olúṣínà dì í mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ parọ́ fún yín. Kò tíì kúrò nínú mi. Ẹ fún mi láàyè díẹ̀."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dáa ju tiyín lọ kò jà yín lólè. Tí ẹ bá sì ti ṣìkà, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ẹ ṣì ní ohùn, torí ẹni tí ẹ ṣẹ̀ náà nílò àkókò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Sàláwù kú, wọ́n sì sin ín kí ìrun àsárì tó kọjá. Lọ́jọ́rú, Olúṣínà dé sí Ọgbà, Moyọ̀sọ́lá tẹ̀lé e. Olúṣínà bá Sùlíyá lórí ẹní, ó lóṣòó tì í, ó ní, "Ìyá, ó ti kúrò nínú mi. Mo wá sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé mo ti fi jì wọ́n." Sùlíyá di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ta ni kí n wá fi iṣẹ́ yìí rán sí i báyìí?"