Mofẹ̀yìntọlá Tó Jókòó Sínú Ẹrẹ̀

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí òkun ṣì máa ń ké àgò kó tó wọlé onílé, ìyá ńlá wa kan wà tó ń jẹ́ Mofẹ̀yìntọlá. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ Ìdí-Ẹ̀gbà. Inú ń bí mi, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi sùúrù bínú.

Orúkọ ìyá náà dára, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ rí pé ó fẹ̀yìn ti ọlá kankan. Ògiri ilé ìyanja ló ń fẹ̀yìn tì. Ẹja ló ń yan, ẹja náà ló fi tọ́ Ọmọ́yẹlé, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú.

Láàárín ilé wọn àti òkun, igbó ẹ̀gbà ló wà. Igi tó ń ta gbòǹgbò sínú omi iyọ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn ni, ọ̀kan wọnú ọ̀kan. Ìgbì á dé ibẹ̀, á rẹ̀ ẹ́. Ìjì á dé ibẹ̀, á rẹ̀ ẹ́. Ọdún ń yí lu ọdún, ó ń rẹ̀ wọ́n. Àwọn èèyàn wá rò pé ìwà tútù ni òkun ní.

Ẹja pupa ló kó bá wọn. Èéfín ẹ̀gbà máa ń mú kí ẹja pọ́n bí epo. Àwọn ará òkè tó ń ra ẹja wá sọ pé ẹja tí kò bá pọ́n, òkú ni. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹja yíyan wo ni kì í ṣe òkú? Bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá wa gbé àáké. Wọ́n gé lónìí, wọ́n gé lọ́la, wọ́n gé títí ibẹ̀ fi dán bí orí tí wọ́n fá. Wọ́n ní ìlú ti lajú. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Tiwọn yàtọ̀, ńṣe ni wọ́n ránṣẹ́ lọ pe omi.

Èèpo àgbọn ni Mofẹ̀yìntọlá fi ń yan tirẹ̀. Ẹja rẹ̀ funfun, ẹnu rẹ̀ sì mú. Kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan igbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, títí tó fi ku ìyẹn nìkan. Ni Bálẹ̀ Ògúngbèjé, ẹni tó ní ààrò mẹ́rìnlá, bá rán Ọmọ́yẹlé kó lọ gé e, nítorí ìdí ààrò Bálẹ̀ ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́.

Ó bá ìyá rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ dé ìbàdí, ó di gbòǹgbò mú.

"Ìyá mi, ẹ dìde. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò. Ta ló rán ọ?"

"Bálẹ̀ ni."

"Ṣé Bálẹ̀ ló bí ọ?"

"Ẹja yín funfun, ẹ ò rí i tà. Tiwọn pọ́n. Kí lẹ fẹ́ kí n jẹ?"

"Ọmọ́yẹlé, bí o bá gé èyí, kò sí ohun tó máa dúró láàárín ìwọ àti omi yẹn mọ́. Ẹsẹ̀ mi ni kó o kọ́kọ́ gé."

Kò lè gé e. Ṣùgbọ́n kò dúró ti ìyá rẹ̀ náà. Ó gbé àáké kọ́ èjìká, ó padà sídìí ààrò.

Ọjọ́ méje ni Mofẹ̀yìntọlá fi jókòó síbẹ̀. Ọjọ́ méje ló fi ń bú wọn, láti orí Bálẹ̀ dé orí ajá Bálẹ̀. Àwọn ará abúlé ń gbé ẹní wá kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Bálẹ̀ fúnra rẹ̀ wá.

"Ìyá Ọmọ́yẹlé, ẹ má torí igi ṣàìsàn."

"Ẹ ṣeun, Bálẹ̀. Orí yín ni mò ń dáàbò bò, bó ti wù kó ṣófo tó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bálẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Iná kì í wà lórí òrùlé kí onílé máa rẹ́rìn-ín, àmọ́ àwọn bàbá wa rí i ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹjọ, afẹ́fẹ́ yí, òkun dìde dúró. Ibi tí wọ́n fá ló gbà wọlé. Ó kó ààrò, ó kó ẹja, ó kó ilé. Gbogbo ẹni tó lẹ́sẹ̀ sáré wọnú igbó Mofẹ̀yìntọlá, wọ́n rọ̀ mọ́ igi bí àdán. Bálẹ̀ wọ́ dé, ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ṣoṣo ló kù lára rẹ̀. Ìyá gbá a lọ́rùn mú, ó fà á wọnú igbó.

"Bálẹ̀, ẹja ńkọ́? Ṣé ó pọ́n?"

Ìyá wo gbogbo àwọn tó rọ̀ mọ́ igi lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọmọ́yẹlé dà?"

Bálẹ̀ dorí kodò. "Mo ní kó dúró ti ẹja."

Bó bá jẹ́ èmi ni, mo mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Ìyá ju okùn sí i. "So ara rẹ mọ́ igi. O ò ní kú. O máa wà láàyè, o máa gbin gbogbo èyí tó o gé."

Nígbà tí omi fà, wọ́n wá Ọmọ́yẹlé títí, wọn ò rí òkú rẹ̀ sin. Ìyá lọ sí ojú ibi tí ààrò wà, ó ki ọmọ ẹ̀gbà kan bọ ẹrẹ̀, ó pè é lórúkọ: "Ọmọ́yẹlé, ibí ni kó o dúró sí." Bálẹ̀ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbin tirẹ̀, ó gbìn ín títí ó fi kú. Ẹ̀yìn igi wọ̀nyẹn ni wọ́n tẹ Ìdí-Ẹ̀gbà dó.

Ìdí nìyẹn tí ẹja ilé wa fi funfun títí dòní. Ìdí nìyẹn tí bàbá ọmọ fi gbọ́dọ̀ wọnú ẹrẹ̀ lọ gbin ẹ̀gbà kan, kó pe ọmọ lórúkọ níbẹ̀, ká tó pè é nínú ilé. Ẹni tó bá sì gé ọ̀kan, á gbin ogún, gbogbo ẹbí á dúró sétí omi, wọ́n á máa bú u títí yóò fi parí.

Mo gbọ́ pé ẹ gé ẹ̀gbà lánàá, kí òkun lè hàn nínú fọ́tò àwọn àlejò yín. Ó dáa. Òkun náà ti ń rí yín.

Kí lo wí, Ìbídùnní? O ní, "Bàbá àgbà, mẹ́sàn-án péré ni." Mẹ́sàn-án péré. Ẹni tó kọ́kọ́ gé láyé ọjọ́un, ọ̀kan péré ló gé.

Mo rí i pé ẹ ti fajú ro nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín. Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bú yín. Ẹ bọ́ bàtà yín, omi ti fà.