Ẹ̀wù Awọ Tí Ansẹ́ẹ̀mù Gbà Lára Àwọn Àna Rẹ̀

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí kò tíì sí ilé kankan ní etí odò yìí, tí ẹni tó bá dé ibí kàn ń kọjá lọ ni, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ansẹ́ẹ̀mù. Òun ni baba ńlá wa. Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ. Ọmọ Faransé tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Kùbẹ́ẹ̀kì ni. Ó ń wa ọkọ̀ èèpo igi láti odò dé odò, ó ń ra awọ ẹran. Níbi tí omi bá ti ń ru jù, yóò gbé ọkọ̀ lé èjìká, yóò rìn nínú igbó títí yóò fi kan omi mìíràn. Ó ń wa ọkọ̀, ó ń kọrin. Ó ń ru ẹrù, ó ń kọrin. Ẹ má rò pé ìtàn ẹni burúkú ni mo fẹ́ sọ. Ẹni rere ni. Ìyẹn gan-an ló ń ba ọkàn mi jẹ́.

Inú igbó ló ti fẹ́ Wápan, ọmọ àwọn Kirí tó ni ilẹ̀ yìí. Mahíkan, baba Wápan, gba Ansẹ́ẹ̀mù bí ọmọ. Wápan bí ọmọbìnrin kan fún un, wọ́n sọ ọ́ ní Anjẹlíkì. Bí ìgbà òtútù bá dé, gbogbo wọn a kó sínú àgọ́ kan, níbi tí a jókòó sí yìí gan-an.

Ẹ wá gbọ́ bí òwò náà ṣe rí. Ẹ mọ kásítọ̀, ẹranko inú odò wa tó ń fi eyín gé igi lulẹ̀. Irun rẹ̀ ni àwọn ọlọ́lá òkè òkun fi ń ṣe àkẹtẹ̀. Ṣùgbọ́n irun méjì ló ní: gígùn líle lókè, kúkúrú tó rọ̀ nísàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Kí ni yóò yọ ti òkè kúrò? Ara ènìyàn ni. Bí àwọn Kirí bá fi awọ náà rán ẹ̀wù, tí wọ́n yí irun rẹ̀ sínú, tí wọ́n wọ̀ ọ́ rìn, tí wọ́n wọ̀ ọ́ sùn, tí òógùn wọn rin ín, irun líle yóò re dànù. Nítorí náà ni ẹ̀wù gbígbó fi níye lórí ju awọ tuntun lọ. Ẹ rí òwò! Ohun tó ń mú ènìyàn móoru lọ́wọ́ ni oníṣòwò ń fẹ́ gbà.

Ní ọdún kan, òtútù kásẹ̀ nílẹ̀ ṣáájú àkókò rẹ̀. Omi dídì tó bo odò là. Àwọn ọmọdé bọ́ra sílẹ̀, wọ́n ń sáré kiri. Ansẹ́ẹ̀mù rò ó pé ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ẹ̀wù gbígbó dé ibùdó ìṣòwò ni yóò mú ohun tó bá wù ú. Ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ tó ń wà ti sú u. Ó fẹ́ ní tirẹ̀, kó lè máa wálé sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́. Ó lọ bá àna rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹ̀wù gbogbo ilé. Kúbùsù tuntun ni n ó fi rọ́pò rẹ̀, èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn hun, pupa fòò."

Mahíkan ń gbẹ́ àjẹ̀ tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀. Kò gbójú sókè. "Òtútù kò tíì dágbére."

"Háà, Bàbá! Ẹ wo odò bó ṣe ń ṣàn. Ẹ wo ara yín, ẹ̀ ń làágùn bí ẹni tó jí ẹran."

"Èmi ń làágùn nítorí pé mò ń ṣiṣẹ́. Ìwọ ń làágùn nítorí pé o fẹ́ tọrọ nǹkan."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣáà gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wápan nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Anjẹlíkì, dúró kí ewé yọ."

"Kí ewé tó yọ, àwọn ẹlòmíràn ti débẹ̀ ṣáájú mi."

"Kí wọ́n ṣáájú."

"Kí òṣùpá tó tún lé, mo ti dé."

Ó tún yíjú sí bàbá, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ní ilé Mahíkan, àna kì í bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lọ lọ́wọ́ òfo. Bàbá gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ ẹ̀wù tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ bọ́ tirẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bọ́ tirẹ̀. Wápan bọ́ tirẹ̀. Anjẹlíkì sáré dé.

"Bàbá mi, tèmi náà ti gbó!"

Ó ti bọ́ ọ kí wọ́n tó pè é. Ansẹ́ẹ̀mù gbé ẹ̀wù kékeré náà lọ́wọ́, ó wò ó. Ó fi lé orí àwọn yòókù.

Selẹ́sìtì, kí lo fẹ́ sọ?

"Ìyá àgbà, ṣé kò mọ̀ pé òtútù lè padà ni?"

Ó mọ̀, ọmọ mi. Gbogbo wọn ló mọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ iṣẹ́ òkùnkùn kó má dá òṣùpá lóró. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ń ta síni lẹ́yìn, ta ló ń rántí òkùnkùn?

Ó dé ibùdó. Wọ́n yìn ín, wọ́n fún un ní ọkọ̀, wọ́n di kúbùsù fún un. Ó yíjú sílé. Ó ń wa ọkọ̀, ó ń kọrin, títí afẹ́fẹ́ fi yí. Afẹ́fẹ́ àríwá ni. Omi tó ta sí i lójú dì mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó yá, odò dì yí ọkọ̀ ká. Ó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ tó torí rẹ̀ gba ẹ̀wù lára ọmọ rẹ̀. Ó gbé ẹrù kúbùsù sẹ́yìn, ó fi okùn rẹ̀ kọ́ iwájú orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó ń ṣubú, ó ń dìde; ó ń ṣubú, ó ń dìde. Yìnyín mù ún dé itan. Ó ru kúbùsù gbogbo ilé sẹ́yìn, kò fi ẹyọ kan bo ara rẹ̀. Ó ń sọ pé, "Tiwọn ni. Tiwọn ni."

Ó rí àgọ́. Kò rí èéfín.

Igi tí yìnyín yíyọ́ ti rin kò gba iná mọ́. Mahíkan jókòó sí ẹnu àgọ́, ó kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, ó na apá méjèèjì bí ilẹ̀kùn. Ó ti gan. Nínú lọ́hùn-ún, ìyàwó rẹ̀ náà ti kú. Àbúrò Wápan ọkùnrin ń gbọ̀n. Wápan wà láàyè. Anjẹlíkì wà láyà rẹ̀.

Ansẹ́ẹ̀mù tú ẹrù, ó fa kúbùsù kan yọ, ó fẹ́ fi wé ọmọ rẹ̀. Wápan di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má fi bò ó."

"Òtútù ń mú un."

"Kò mú un mọ́."

"Wápan, jẹ́ kí n ṣáà…"

"Fi bo ẹni tó ń gbọ̀n."

Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wo ọmọkùnrin tó ń gbọ̀n. Nínú gbogbo ẹrù tó rù nínú igbó láyé rẹ̀, kò sí èyí tó wúwo tó kúbùsù yẹn. Ó fi bo ọmọkùnrin náà.

Ilẹ̀ le bí òkúta, wọn kò lè gbẹ́ ẹ. Nígbà tí odò tún là, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ra awọ ń wakọ̀ kọjá.

"Ansẹ́ẹ̀mù! Wá ká lọ!"

"N kò tíì sin àwọn ènìyàn mi."

"Ilẹ̀ ti rọ̀. Sin wọ́n, a ó dúró dè ọ́."

"Ẹ máa lọ."

Ó sin wọ́n, ó sì kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ilé àkọ́kọ́ ní ìlú wa nìyẹn. Ibojì ló ṣáájú ilé níbí. Wápan kò lọ. Ó bí àwọn ọmọ mìíràn, láti ara wọn la ti wá. Ṣùgbọ́n kò pè é ní Bàbá Anjẹlíkì mọ́, kò sì fi orúkọ ọmọ mìíràn pè é. Ansẹ́ẹ̀mù gbó, irun rẹ̀ funfun, kò sẹ́ni tó tún gbọ́ orin lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Ìdí nìyẹn tí ilé wa kì í fi kúbùsù bo òkú. Bí ẹnìkan nínú wa bá kú, kí ara rẹ̀ tó tutù tán, a ó ká kúbùsù kúrò lára rẹ̀, a ó jáde wá ẹni tó ń gbọ̀n, ìbáà jẹ́ àlejò, ìbáà jẹ́ ọ̀tá, a ó fi bò ó. Àwọn ará òkè odò ń pè wá ní ìkà. Kí wọ́n máa pè. A ti bo ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ayé Ansẹ́ẹ̀mù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mú Anjẹlíkì móoru.

Kúbùsù tó wà lórí orúnkún mi yìí, Selẹ́sìtì, ìwọ ni kó o ká a lọ́jọ́ tèmi. Má ṣe sunkún kó o tó ká a. Òtútù kì í dúró de ẹkún.